Ìbéèrè Tí Mo Tijú Láti Bi Ìyá Bíọ́dún

Ojú kan ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Ojú ọ̀tún mi wà lábẹ́ bándéèjì. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, kí n má tẹríba, kí n má gbé ohun tó wúwo. Tólú ọmọ mi ti gba gègé lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Màmá, ẹ sinmi! Ṣé ìwé á sá lọ ni?" Mo ní ìwé kò ní sá lọ, ṣùgbọ́n èmi lè sá lọ, nítorí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ló bá dá gègé mi padà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ilé ìwé, tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ sí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì ojú ni mí. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ṣe é, ní ilé ìwòsàn ìjọ kan níbí ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn: àlùfáà wa ní Ìpẹ̀rú kọ lẹ́tà, wọ́n kà á, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó oṣù kò tó nǹkan. Ó tán. Ohun tó kù ni mo fẹ́ sọ.

Kì í ṣe inú ilé ìwòsàn gan-an ni mo ti mọ iṣẹ́ náà, bí kò ṣe lórí ìrìn àjò. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìjọ á kó wa sínú ọkọ̀, pẹ̀lú àpótí oògùn, ìkòkò, sítóòfù, bẹ́ńṣì àti jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń wúkọ́ ju aláìsàn lọ, a ó sì gba abúlé lọ. Dókítà òyìnbó kan máa ń wá láti ìlú rẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Àwọn arúgbó tí funfun ti bo ẹyinjú wọn la máa ń lọ bá. Ojú lọba ara. Èmi ti rí ọba tó fọ́jú lórí ìtẹ́, mo sì ti rí i tó tún padà ríran. Títí di òní, ẹnu ṣì ń yà mí.

Ọ̀gá mi ni Sístà Adékòyà, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, ó máa ń fi píìnì kọ́ aago mọ́ àyà. Kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ sí i. Bí o bá ti gbọ́ tí Sístà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tètè wá ibi tí o máa sá gbà.

Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rò pé yóò kọ́ mi bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Ó pè mí, ó ní kí n jókòó, ló bá fi bándéèjì di ojú mi méjèèjì. Mo ní, "Sístà, kí ni mo ṣe?" Ó ní n kò ṣe nǹkan kan, kí n lọ ṣe iṣẹ́ òòjọ́ mi, òun á tú u nírọ̀lẹ́. Ẹ gbà mí! Mo fi orí gbá ilẹ̀kùn. Mo da ẹ̀kọ gbígbóná sára. Ẹnìkan ní láti fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọrin, kí n lè mọ̀ pé òun ò tíì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù kì í ṣe orí tí mo gbá. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa mi lójú mi. "Ṣé ó ti jẹun?" "Ẹ gbé e jókòó síbẹ̀." Kò sẹ́ni tó bi èmi fúnra mi ní nǹkan kan. Nígbà tí Sístà tú ojú mi, omi dà lójú mi bọ̀ọ̀. Ó ní, "Ó dára. Ní báyìí, o lè fọwọ́ kan aláìsàn mi."

Ọdún méjì gbáko ni mo fi se irin iṣẹ́. Sítóòfù oníkẹrosíìnì ni, ìkòkò ńlá lórí rẹ̀, omi gbọ́dọ̀ hó fún àkókò tí Sístà fi aago àyà rẹ̀ wọ̀n, kò gbọdọ̀ dín ní ìṣẹ́jú kan. Abẹ́rẹ́ ayé ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan tí ẹ ń sọ nù. À ń pọ́n ọn lórí òkúta ni, bí ẹní ń pọ́n ọ̀bẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, Sístà á rán mi lọ sọ́dọ̀ alápatà ní Sábó, ní Ṣágámù, kí n lọ gba ojú ewúrẹ́ wá. Àwọn alápatà náà á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, ojú ewúrẹ́ yìí, ṣé ẹ fẹ́ ra gíláàsì fún un ni?" Lórí ojú ewúrẹ́ yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń gé òwú láìgbọ̀n. Bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, Sístà á gbé awo náà kúrò níwájú mi, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹnu àáké mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán kí n tó fẹnu kan oyin.

Òfin kan wà tí Sístà kì í fi ṣeré. Dókítà kì í bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kò gbọ́ èdè wa. Nọ́ọ̀sì ló máa ń lẹ pílásítà kékeré kan mọ́ iwájú orí, sókè ojú tí a fẹ́ ṣe. Bí aláìsàn bá ti dùbúlẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ bo ojú rẹ̀, pílásítà nìkan ni dókítà ń wò. Nítorí náà, Sístà ní kí nọ́ọ̀sì tó lẹ pílásítà, ó gbọ́dọ̀ bi aláìsàn ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni orúkọ yín, èyí tí bàbá yín sọ yín? Ọmọ ilé ta ni yín? Ojú wo la fẹ́ ṣe? Ó ní, "Ẹnu aláìsàn ni kó ti jáde. Má sọ ọ́ fún un kó wá dá ọ lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Arúgbó á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún ohunkóhun tí nọ́ọ̀sì bá wí."

Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ há a sórí. Ṣùgbọ́n ìyá ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Ìpẹ̀rú, lábẹ́ òrùlé níbi tí orúkọ àgbà ti jẹ́ èèwọ̀ lẹ́nu ọmọdé. Mo rántí ọjọ́ kan tí mo dárúkọ ìyá kan ládùúgbò wa. Orúkọ náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí ìkúùkù ìyá ìyá mi fi bà mí lórí. Ìyá àdúgbò náà ní, "Ṣé o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ ni?" Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìyá tí mo mọ̀, Ìyá Lágbájá ni. Èmi wá ni kí n dúró níwájú ẹni tó lè bí ìyá mi, kí n ní kí ni bàbá yín sọ yín? Ahọ́n mi kì í lè gbé e. Bí Sístà bá wà nítòsí, mo ń bi wọ́n. Bí kò bá sí nítòsí, ọ̀nà àbùjá ni mo ń gbà. "Ẹ̀yin ni Ìyá Lágbájá, àbí?" "Èmi ni, ọmọ mi." Mo lẹ pílásítà, ó parí. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, mo wá gbà pé nǹkan kan kò lè ṣẹlẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Likosi.

Ọkọ̀ wa rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó débẹ̀. Wọ́n fún wa ní kíláàsì méjì nínú ilé ìwé wọn. A fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ilẹ̀ àti ògiri, a so aṣọ funfun mọ́ àjà kí eruku má baà já bọ́, kíláàsì kan di tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ. Àwọn èrò ti tò dé ìdí igi máńgòrò. Sístà ń tan tọ́ọ̀ṣì sójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń kọ káàdì.

Ìyá kan dé, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Bíọ́dún, mú ọ̀pá kan ṣáájú, òun mú ìdí ọ̀pá náà lẹ́yìn. Bíọ́dún pọn ọmọ kékeré sẹ́yìn. Sístà tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú òsì ìyá náà, ó tún un tàn. Ó ní, "Màmá, ẹ rí iná?" Ìyá ní, "Iná wo?" Ó tan án sí ọ̀tún. Ìyá ní, "Háà, ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Sístà kọjú sí mi: "Ojú òsì ti kú pátápátá, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ọ̀tún ló wà láàyè. Ọ̀tún. Kọ ọ́." Ó fọwọ́ kan ìyá náà léjìká, ó ní, "Ẹyọ ojú kan ló kù fún yín, màmá. Òun la máa ṣe."

Ìyá náà ní, "Ẹyọ kan náà ti tó. Kí n ṣáà fi rí ojú ọmọ Bíọ́dún. Mo ti fọwọ́ mọ orí ẹ̀, mo ti fọwọ́ mọ imú ẹ̀. Ojú ẹ̀ ni mi ò mọ̀."

Mo kọ "Ìyá Bíọ́dún, ọ̀tún" sórí káàdì. N kò bi í lórúkọ. Mo mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, mo ní ìyẹn ti tó. Wákàtí kan ṣáájú, mo ti kọ káàdì fún ìyá gíga kan tó ń ta ẹ̀pà ní abúlé kejì. Ojú rẹ̀ méjèèjì ṣì mọ iná, Sístà sì ní òsì ni a ó kọ́kọ́ ṣe. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni "Ìyá Bíọ́dún, òsì." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bíọ́dún mélòó ló wà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ?

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tí a máa ṣe lé ní ogójì. Mo mú káàdì tó wà lókè, mo ké sí ìta, "Ìyá Bíọ́dún!" Ìyá tẹ́ẹ́rẹ́ náà ló kọ́kọ́ dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin ni Ìyá Bíọ́dún, àbí?" Ó ní, "Èmi ni, ọmọ mi." Káàdì ní òsì. Mo lẹ pílásítà sí òsì. Ó gbé ìka sókè, ó fi kan pílásítà náà, ó tún gbé ìka náà sọ̀kalẹ̀. Mo mú un lọ́wọ́ wọ inú tíátà, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ṣé ẹ mọ bí òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ń ṣí bándéèjì ṣe máa ń rí? N kò tíì rí ohun tó dà bí i láyé mi, mo sì ti rí ohun púpọ̀. Wọ́n á jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́sẹẹsẹ. Sístà á máa tú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bàbá àkọ́kọ́ kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n, ó ń yí wọn padà. Ó ní, "Ọwọ́ mi ti gbó!" Ìyá kejì rí ọkọ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé báyìí lo ṣe wá dà?" Ẹlòmíràn kàn ń wo eruku tó ń fò nínú oòrùn tó gba fèrèsé wọlé, ó ń sunkún. Ariwo sọ, orin sọ, àwọn tó wà lẹ́yìn fèrèsé ń jó. Ọlọ́run mi, kí ni èmi ọmọ Ìpẹ̀rú ṣe tí O fi gbé mi dúró síbi tí mo ti ń rí irú nǹkan báyìí?

Ó kan Ìyá Bíọ́dún. Sístà tú bándéèjì rẹ̀. Oòrùn kún inú kíláàsì náà dé ẹnu. Ìyá gbójú sókè, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?"

Orin dá. Sístà na ọwọ́ sí mi, ó gba àpótí káàdì. Ó wá káàdì méjèèjì rí, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, kí ni orúkọ ìyá yìí?"

"Ìyá Bíọ́dún ni, Sístà."

"Mo ní kí ni orúkọ rẹ̀."

N kò mọ̀ ọ́n. A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè, ohun tí èmi sì fi ojú ìyá yìí ṣe gan-an nìyẹn. Ojú tó ti kú ni wọ́n là, wọ́n sì fi òwú rán an padà. Ìyá elẹ́pà, tí wọ́n ṣe ọ̀tún fún dípò òsì, ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ńṣì ní tirẹ̀, kò sọ nǹkan kan nù. Gbogbo àdánù náà, orí ẹnìkan ṣoṣo ló já lé.

Sístà ní, "Lọ sọ fún un. Ìwọ fúnra rẹ. Má fi ohunkóhun pa mọ́."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Mo sọ gbogbo rẹ̀: káàdì méjì, òsì àti ọ̀tún, pé Sístà ti kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n bi í, pé n kò bi í. Ẹkún ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Bíọ́dún fò dìde, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Ṣé ìyá mi lẹ fi ń kọ́ṣẹ́ ni? Ìyá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Ẹyọ kan tó kù yẹn, wọn ò ní fọwọ́ kàn án lójú mi!" N kò bá a jà nínú ọkàn mi. Bí ó bá jẹ́ ìyá tèmi ni, ohun tí mo máa sọ nìyẹn.

Ìyá náà yíjú síbi tí ohùn mi ti ń wá. Ó wá ní, "Ìwọ tó ń sunkún yìí, ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìpẹ̀rú ni mí, mà."

"Kí ló dé tí o ò bi mí lórúkọ?"

"Mo tijú, mà. Ẹ jù mí lọ."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Èmi náà mọ̀. Mo fọwọ́ kan nǹkan tí o lẹ̀ mọ́ mi lórí, mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti kú ni. Mo ní àwọn tó mọ̀wé ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kí n má lọ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ láàárín èrò. Ìwọ ń tijú mi, èmi ń tijú rẹ, ojú wá lọ síbẹ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí gbọ́, ìyá yìí rẹ́rìn-ín! Ó ní, "Ẹfúnyẹmí ni mí. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Pè é kí n gbọ́."

Mo ní, "Ìyá Ẹfúnyẹmí."

"Yọ ìyá kúrò níbẹ̀. Ìyá mi kì í fi ìyá sí i."

Mo ń retí ìkúùkù ìyá ìyá mi láti ọ̀run. Mo di ojú, mo ní, "Ẹfúnyẹmí."

"Oòò!" Bó ṣe dáhùn nìyẹn, ní ohùn ọmọdébìnrin tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé. Bíọ́dún bo ẹnu rẹ̀. Ó jọ pé kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ náà pe ìyá rẹ̀ rí.

Ìyá ní, "Bíọ́dún, jókòó. Bí mo bá lọ sílé báyìí, òkùnkùn ni. Bí wọ́n bá tún ṣe é tí kò dára, òkùnkùn náà ni. Mi ò ní pàdánù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ pe dókítà wá. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ló máa di ọwọ́ mi mú. Bó bá tún fẹ́ ṣì í, kó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀."

Wọ́n ti di gbogbo ẹrù dókítà sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ń gbéra lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà Èkó sì jìn. Nígbà tí Sístà ṣàlàyé fún un, ó wo èmi, ó wo ìyá náà, ó yọ bàtà rẹ̀, ó lọ tú àpótí. Mo tún gbé ìkòkò ka sítóòfù, omi hó, Sístà ń wo aago. Mo bi ìyá ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú gbogbo ènìyàn. Ó fi igbe dáhùn wọn kí abúlé lè gbọ́: Ẹfúnyẹmí, ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ, ọ̀tún, ọ̀tún, ọ̀tún! Mo lẹ pílásítà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbẹ, ó sì le, ọwọ́ tó ti gún gbogbo oúnjẹ ilé rẹ̀ láyé. Kò gbọ̀n rárá. Funfun tí dókítà yọ jáde kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Mo wò ó lórí òwú, mo ní, ohun kékeré yìí ló ti ilẹ̀kùn ayé mọ́ odidi ènìyàn?

Dókítà gbọ́dọ̀ lọ. Èmi àti Sístà dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sístà kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ìwọ lo máa tú u." N kò tíì gba irú àdúrà tí mo gbà lọ́jọ́ náà rí, kò sì ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Mo tú u.

Ìyá gbójú sókè. Ó ń ṣẹ́jú. Ó wo iwájú títí, ó wá ní, "Ta ló kun ògiri yìí ní àwọ̀ ewé?"

Mo jókòó sílẹ̀. Sístà bá a wọ gíláàsì tó nípọn tí wọ́n ń lò nígbà náà. Bíọ́dún tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀. Ìyá mú ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó ń wò ó, ó ń wò ó. Ó ní, "Ìwọ rèé? Ìyá mi gan-an lo jọ." Ọmọ rí gíláàsì ńlá yẹn, ó figbe ta, gbogbo wa wá ń fi ẹkún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi nílẹ̀ tí mo wà. Ó ní, "Ìwọ lo kéré báyìí? Ohùn rẹ ń dún bíi ti ẹni ńlá." Ó fa etí mi díẹ̀, ó sì fi mí sílẹ̀. Gbogbo ìyà tó fi jẹ mí nìyẹn.

Sístà kò tún bá mi sọ ọ́ mọ́. Ó kàn mú gègé, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ẸFÚNYẸMÍ sí ìdérí àpótí káàdì, níbi tí mo ti gbọ́dọ̀ rí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i. Bí ó bá sì rí pílásítà lọ́wọ́ mi, á ní, "O ti ṣe Ẹfúnyẹmí?" Nígbà tó fẹ̀yìn tì tí mo di ọ̀gá, ohun tí èmi náà ń bi àwọn ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ìyá fúnra rẹ̀ di òṣìṣẹ́ wa. Gbogbo ìgbà tí a bá padà sí agbègbè náà, á ti gbé ìkọ́kọrẹ́ dè wá, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tòun ti gíláàsì rẹ̀, á máa bá àwọn arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀ wí: "Bí ọmọ yìí bá bi yín lórúkọ, ẹ dá a lóhùn o! Kì í ṣe àrífín. Èmi rèé, ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí lójú." Ó ṣe é fún ọdún púpọ̀. Lọ́dún kan, Bíọ́dún nìkan ló wá. Ó di gíláàsì náà sínú ìborùn, ó ní ìyá òun ní kí a wá ẹni tí ó máa bá lójú mu. A rí ẹni. Bàbá kan ni, ó fi ka Bíbélì rẹ̀ lójú wa kí a tó kúrò níbẹ̀.

Irin iṣẹ́ yí padà lójú mi. Òkúta tí a fi ń pọ́n abẹ́rẹ́ wà nínú yàrá mi báyìí, òun ni mo fi ti ilẹ̀kùn. Tẹ́lẹ̀, a máa ń gbé àpò iyanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí aláìsàn kó má lè mira títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n ní báyìí wọ́n ń dìde rìn lọ sílé. Gíláàsì tó nípọn ti lọ, gíláàsì tó kéré ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ ni wọ́n ń tẹ̀ sínú ẹyinjú fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ dúró níta láti dúpẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ó gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kì í lówó. Òótọ́ ni. Wọ́n á ní kí ẹ lọ síbi tí owó wà. Ẹ lọ bí ẹ bá fẹ́, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń rán yín lọ bóyá ó ti wà níbẹ̀ rí nígbà tí ènìyàn ń rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án.

Funfun wá bo ojú tèmi náà. Lánàá, Tólú gbé mi lọ sí Ìlárá Rẹ́mọ, níbi tí ìjọ ti ń ṣe irú iṣẹ́ náà nínú gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti ṣe iṣẹ́ yìí rí. Mo fẹ́ jókòó sórí bẹ́ńṣì bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì kékeré kan láti Ìlíṣàn wá bá mi, fóònù ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí káàdì mọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú ìjókòó. Ẹ má bẹ̀rù o, kò ní dùn yín rárá." Nọ́ọ̀sì mìíràn ké láti ẹnu ọ̀nà, "Ṣé o ti ṣe Ẹfúnyẹmí fún mọ́mì yẹn?"

Ó ní, "Mo fẹ́ ṣe é báyìí."

N kò mọ ọmọ yìí rí, kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ni wọ́n ń pè ní Ẹfúnyẹmí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, mọ́mì, èdè iṣẹ́ ni. Àwọn ìbéèrè kan ni a máa ń bi yín ká tó sàmì sí ojú."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Báyìí la ṣe bá a, mà. Gbogbo wa la máa ń pè é bẹ́ẹ̀."

Orúkọ tí kò sẹ́ni tó ń pè mọ́ nígbà tí ẹni tó ni ín wà láàyè! Ó ti wà lẹ́nu àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lọ́jọ́ náà. Mo fi gèlè nu ojú. Ọmọ náà rò pé ẹ̀rù ń bà mí, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó di ọwọ́ mi mú. Mo rí i pé ìtìjú ń ṣe é, mo rí i pé ó gbé e mì.

Ó ní, "Ẹ má bínú o, mọ́mì. Kí ni orúkọ yín, èyí tí bàbá yín sọ yín?"

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n pè mí fún ọdún méjìdínlógójì. Ọkọ mi, kó tó kú, Ìyá Tólú ló ń pè mí. Mo wá orúkọ tèmi lọ sísàlẹ̀ inú mi kí n tó rí i.

Mo ní, "Ọmọ́lará. Ọmọ ilé ọlọ́jà, ní Ìpẹ̀rú. Ojú ọ̀tún."

Ó ní, "Ọmọ́lará."

Mo ní, "Oòò."